Dísù nínú Corolla: kì í ṣe ohun tí à ń bu bẹntiróòlù là

Ẹ ní kẹ́ẹ̀gì lítà 10 tó wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ lẹ rọ sínú Corolla 2005 yín, ẹ ò mọ̀ pé dísù ni. Bẹntiróòlù bíi lítà 8 ti wà nínú táǹkì tẹ́lẹ̀. Ẹ gbéra ní Bódìjà, ọkọ̀ ń jó bí ẹni tí òtútù mú, ó ń rú èéfín funfun, ó sì kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní Sáńgo. Mẹkáníìkì wá ní kí ẹ ra bẹntiróòlù lítà 30 lé e, kí ẹ máa wà á lọ, pé á jó tán. Ẹ má ṣe é o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táǹkì ọkọ̀ yẹn ń gba nǹkan bíi lítà 50. Tí ẹ bá bu 30 lé 18, ohun tó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ṣì jẹ́ dísù. Iná púlọ́ọ̀gì kò lè ran dísù bó ṣe ń ran bẹntiróòlù, torí bẹntiróòlù máa ń di oru kíá kódà nínú òtútù, ṣùgbọ́n dísù ní láti gbóná kọjá bíi 52°C kí oru rẹ̀ tó gbaná. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, fífún tí wọ́n fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an ló ń dá iná sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Corolla kò fún un tó bẹ́ẹ̀. Dísù tí kò jó kì í sì í rá. Díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì, díẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ píísítìn sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì, ìyókù á lọ jó nínú kátálíìsì tó ń fọ èéfín lọ́nà sáléńsà, níbi tí kò yẹ kí iná ti jó.

Tó bá jẹ́ lítà 1 péré ló ṣèèṣì wọ táǹkì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, mi ò ní ní kí ẹ tú nǹkan kan. Á rú èéfín díẹ̀, ẹ ó sì máa fi bẹntiróòlù kún un bó ṣe ń lọ. Lítà 10 kọjá bẹ́ẹ̀.

Pé ó gbé yín dé Sáńgo kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ò le. Bẹntiróòlù tó kù nínú ọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ ń lò. Dísù wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló kọ́kọ́ ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fa epo. Gálọ́ọ̀pù ọ̀nà ló wá pò ó pọ̀. Tó bá ti pò tán, kò tún ní yà mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ gbé e sílẹ̀ di àárọ̀ kó lè "sílẹ̀", kí dísù lọ sí ìsàlẹ̀. Omi ló máa ń sílẹ̀. Ìyẹn náà la fi ń mọ̀ bóyá omi ló wọ epo ni tàbí dísù: ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò ike tó mọ́ gaara, ẹ jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú 15. Tí ìlà bá pín in sí méjì, omi wà nínú rẹ̀. Tí kò bá sí ìlà, ẹ kán an sórí bébà funfun: bẹntiróòlù á gbẹ lọ, dísù á fi àmì ọ̀rá sílẹ̀.

Láti ìsinsìnyí, ẹ má kíìkì rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá kíìkì, ẹ̀ ń fọ́n dísù sí i lórí púlọ́ọ̀gì ni. Tí ẹ bá fẹ́ tì í kúrò lójú títì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ACC kí sítíárì lè tú, ẹ má kọjá ibẹ̀. Jíà ọ́tò (automatic) kì í fẹ́ kúrò ní P bí ọkọ̀ bá kú. Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tí wọ́n kọ Shift Lock sí, ẹ fi nǹkan ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sukudiráfà tẹ inú rẹ̀, á bọ́ sí N.

Títú rẹ̀ wàyí. Ìta gbangba ni, kí iná, sìgá àti jẹnẹrétọ̀ jìnnà síbẹ̀. Ẹ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí iná inú ọkọ̀ tó ń tàn nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí tó láti dá iná sílẹ̀. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ẹ ó rí ọmọrí irin tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni pọ́ǹpù wà. Kí ẹ fi àkísà bo orí ọ́ọ̀sì kí ẹ tó tú u, epo inú rẹ̀ lè tú jáde pẹ̀lú agbára. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti fa gbogbo epo jáde. Ẹnu táǹkì níta kò ní jẹ́ kí ọ́ọ̀sì dé ìsàlẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n má sì fi ẹnu fà á: ẹ̀kán díẹ̀ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lè gbé ènìyàn dé ọsibítù.

Ẹ fọ aṣọ fíltà tó wà nídìí pọ́ǹpù. Tó bá ti dúdú, ẹ ra òmíràn ní Àràròmí, ọjà sípéá páàtì tó wà ní Àgódi Gate n'Ìbàdàn. Wọ́n lè ní pọ́ǹpù ti kú, kí ẹ ra tókunbọ̀. Ẹ ṣe sùúrù ná, dísù kì í sábà pa pọ́ǹpù bẹntiróòlù. Ẹ da bẹntiróòlù lítà 5 tó mọ́ sí táǹkì, ẹ mi ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ sì fà á jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá pọ́ǹpù padà sáyè rẹ̀, kí ẹ sì rọ lítà 10 sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń kù díẹ̀ káàtó nìyí: dísù ṣì wà nínú ọ́ọ̀sì tó lọ síwájú. Ẹ tú u níbi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ kẹ́ẹ̀gì. Kí réwáyà so bátìrì padà, kó sì fún pọ́ǹpù níná láti ibi rìlé (ohun kékeré tó ń tan iná pọ́ǹpù), kì í ṣe lórí táǹkì. Lítà 1 sí 2 á tó, títí tí ohun tó ń jáde yóò fi máa gbẹ lọ́wọ́ láìlọ́ràá, kí ẹ tó so ọ́ọ̀sì padà.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kí ẹ tó dá wọn padà. Tí ẹ bá wá ń kíìkì, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ tọ́rọ́tù pátápátá ní ìgbà àkọ́kọ́: nọ́súù, ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, kò ní fọ́n epo, atẹ́gùn á sì gbá èyí tó kún inú rẹ̀ jáde. Ẹ má kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10 lẹ́ẹ̀kan, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, kí sítátà tó ń kíìkì ọkọ̀ má baà jóná. Á rú èéfín fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ fa gééjì ọ́ìlì wò. Tí ọ́ìlì bá ga ju bó ṣe wà lọ, tàbí tó ń rùn dísù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fíltà. Nǹkan bíi lítà 3.7 ni. Tí iná Check Engine bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka kóòdù rẹ̀. P0300, ìyẹn kóòdù tó ń sọ pé iná kì í ràn dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì tó ṣì dọ̀tí. Ẹni tó bá ní kátálíìsì ti bàjẹ́ láìka kóòdù, tó sì fẹ́ bá yín tú u lọ, owó kátálíìsì ló ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Hilux tàbí Hiace dísù, tiyín tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ bí bẹntiróòlù bá wọ inú rẹ̀. Dísù fúnra rẹ̀ ni ọ̀rá tí pọ́ǹpù alágbára ń lò. Bẹntiróòlù á bọ́ ọ̀rá yẹn kúrò, irin á máa ha irin. Ẹ má tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON. Tí wọ́n bá rí eérú irin tó ń dán nínú fíltà, kò sí ohun tí fífọ̀ nìkan lè ṣe mọ́.

Epo àdàlù tí ẹ fà jáde, ẹ má rọ ọ́ sí jẹnẹrétọ̀ kankan, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ sára kẹ́ẹ̀gì náà lónìí, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má lọ fi í dáná bíi kẹrosíìnì. Sítóòfù tí bẹntiróòlù bá wọ̀ máa ń bú gbàmù ni.