Èsì: Ṣé HMO máa ń sanwó àyẹ̀wò fún ẹni tí ara rẹ̀ le?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ bèèrè bóyá HMO yín (ètò adójútòfò ìlera tó ní ìwé orúkọ àwọn dókítà tirẹ̀) ní Amẹ́ríkà á sanwó àyẹ̀wò nígbà tí nǹkan kan ò ṣe yín. Ó yẹ kó san án. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin ìlera ọdún 2010, ọ̀pọ̀ jù lọ ètò adójútòfò ló gbọ́dọ̀ san gbogbo owó àjẹsára, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti jẹjẹrẹ ọmú. Ti jẹjẹrẹ ìfun ńlá ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 45.

Ibi tí wàhálà wà rèé: dókítà tó wà nínú ìwé HMO yín nìkan ni kẹ́ ẹ lọ bá. Tẹ́ ẹ bá tún lọ sọ pé inú ń run yín, wọ́n lè kọ àyẹ̀wò náà sílẹ̀ bí ìtọ́jú àìsàn, ni owó bá jáde lápò yín (èyí máa ń bí mi nínú gan-an!). Ẹ pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì yín kẹ́ ẹ tó lọ.