Y inú Coat of Arms Kì í Ṣe Y Yorùbá

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí ọmọ mi tó wà ní pírámárì 4 wá sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí àti àwọn àmì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní Y inú coat of arms dúró fún Yorùbá, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Orin orílẹ̀-èdè wo ló tún yẹ kó kọ? (Alhaja kan, Pàkàtà, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Alhaja, ẹ bá mi kí bàbá rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá mi pa ohun tó kọ yẹn rẹ́. Ọdọọdún ni mo ń bá Y Yorùbá yìí pàdé nínú ìwé àwọn ọmọ, àgbàlagbà ló sì máa ń kọ́ wọn. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni, H ti Hausa dà? Àwọn Nupe tí a jọ wà ní Kwara ńkọ́? Kì í tiẹ̀ ṣe lẹ́tà rárá. Omi ni.

Ẹ tẹ́ máàpù Nàìjíríà sílẹ̀. Kí ọmọ fi ìka kan tọ odò Ọya láti òkè lápá òsì, kó gba Jẹ́bà tiwa níbí kọjá. Kó fi ìka kejì tọ odò Benue bọ̀ láti apá ọ̀tún. Ìka méjèèjì á pàdé ní Lọ́kọ́jà, wọ́n á di ọ̀kan, ó di òkun. Ohun tí ìka rẹ̀ yà yẹn ló wà lára asà. Ìdí nìyẹn tó fi funfun, tí etí rẹ̀ sì rí kọ́lọkọ̀lọ bí omi tó ń rú. Dúdú tó yí i ká ni ilẹ̀ ọlọ́ràá. Bí bàbá rẹ̀ bá ṣì ń wá ohun tó kan ilé, abẹ́ Kwara ni Lọ́kọ́jà wà kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, odò Ọya yẹn gan-an sì ni Hausa ń pè ní Kwara.

Ìyókù ò le. Idì pupa ni agbára, ẹṣin funfun méjì ni iyì. Táíwò Akínkúnmi ló ya àsíá nígbà tó ń kàwé ní London. Ó fi oòrùn pupa sáàárín funfun, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ló yọ ọ́.

Orin tí òfin mọ̀ báyìí ni “Nigeria, We Hail Thee” ti 1960. Wọ́n fi “Arise, O Compatriots” rọ́pò rẹ̀ ní 1978, wọ́n sì dá a padà ní oṣù karùn-ún 2024. Àmọ́ ìwé àtijọ́ ṣì pọ̀ nílé ìwé o. Ẹ kọ́kọ́ bi tíṣà rẹ̀, kí máàkì má lọ bọ́, kẹ́ ẹ wá ní èmi ni mo ní kó kọ ọ́.

Ọmọ ni wọ́n sì ní kó sọ̀rọ̀, Alhaja. Ẹ fún un ní máàpù, kẹ́ ẹ gba bírò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.