Fífi Àwòrán Gbọ̀ngàn Tó Yí Ká Hàn Lórí Ìkànnì, Láìsan Owó Oṣù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ń ya fọ́tò fún àwọn tó ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní agbègbè Ring Road, níbí ní Ìbàdàn. Oníbàárà mi kan fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ gba gbọ̀ngàn rẹ̀ lè fi ìka yí àwòrán rẹ̀ ká lórí fóònù kí wọ́n tó wá fojú rí i. Mo fi fóònù ya inú gbọ̀ngàn náà, mo sì gbé e sórí ìkànnì, àmọ́ ṣe ló na tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú. Dọ́là ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń báni ṣe é ń gbà lóṣooṣù. Ṣé ọ̀nà ọ̀fẹ́ wà? (Ayàwòrán, Òkè-Àdó)

Ìdáhùn: Ó wà. Èyí tí mo máa ń lò ni sọ́fítíwíà Pannellum, tí Matthew Petroff kọ. Gbangba ni kóòdù rẹ̀ wà lábẹ́ ìwé àṣẹ MIT, nítorí náà ẹ lè fi ṣe iṣẹ́ owó, kí ẹ sì tún un ṣe bó ṣe wù yín, bí ẹ kò bá ṣáà ti yọ ìwé àṣẹ náà kúrò lára rẹ̀. Fáìlì JavaScript kan (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́) àti fáìlì CSS kan (tó ń ṣètò ìrísí) ni ẹ máa gbé sórí sáfà yín, ibi tí ìkànnì yín wà. WebGL, ohun èlò ìyàwòrán tó ti wà nínú àwọn aṣàwákiri bíi Chrome, Firefox àti Safari, ni yóò ṣe ìyókù. Photo Sphere Viewer àti Marzipano náà dára, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n, àmọ́ Pannellum kéré, oníbàárà tó ń fi dátà wò ó kò ní náwó púpọ̀ lórí sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀.

Ìdí tí àwòrán yín fi na tẹ́ẹ́rẹ́ ni pé aṣàwákiri kò mọ̀ pé ó yẹ kó yí ká. Bó ṣe bá a ló ṣe tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Pannellum máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú òbìrìkítí, kí ẹni tó ń wò ó lè dà bí ẹni tó dúró sí àárín. Àwòrán tó pé fún èyí gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, torí pé dígírì 360 ló yí ká, dígírì 180 ló sì lọ láti òkè dé ilẹ̀. Àwòrán tí fóònù yà kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ fún Pannellum, yóò kà á sí odindi, àwọn òpó gbọ̀ngàn yóò sì ga gàgàrà. Bí ẹ bá fojú dá a pé dígírì 200 ni fóònù yín yà yí ká (`haov`), tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ dígírì 60 (`vaov`), bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

`pannellum.viewer('gbongan', {"type": "equirectangular", "panorama": "gbongan.jpg", "haov": 200, "vaov": 60});`

Ìwọ̀n àwòrán gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́. JPEG tí ẹ rí pé ó jẹ́ mégábáìtì mélòó kan nínú fódà kì í dúró bẹ́ẹ̀ nígbà tí fóònù bá tú u sílẹ̀ láti fi hàn: báìtì mẹ́rin ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú mẹ́mórì. Àwòrán 4096 × 2048 yóò gba nǹkan bíi mégábáìtì 33. Tí ẹ bá sọ ọ́ di 8192 × 4096, ó di 134. Ó lè pọ̀ jù fún fóònù olówó pọ́ọ́kú, Pannellum sì lè kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé àwòrán náà tóbi ju agbára ẹ̀rọ náà lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọjá 4096 bó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo ni ẹ ń lò. Bí oníbàárà yín bá fẹ́ kí wọ́n lè sún mọ́ iṣẹ́ ọnà ara àjà, ẹ lo `generate.py` tó bá Pannellum wá, tó nílò Python (èdè kóòdù kan) àti `nona`, èyí tó wà lára sọ́fítíwíà mìíràn tó ń jẹ́ Hugin. Yóò gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, ibi tí ẹni tó ń wò ó bá kọjú sí nìkan ni fóònù yóò sì máa fà wálé. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi fi odindi àwòrán ńlá ránṣẹ́ nígbà tí èyí wà.

Ní ti yíya odindi, Hugin kan náà, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọ̀fẹ́, ló ń so fọ́tò púpọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá dúró lórí Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè Àrẹ̀mọ, tó ń ya páànù ilé Ìbàdàn, lè yí ara rẹ̀ bó ṣe wù ú, torí ọ̀nà jíjìn ni gbogbo rẹ̀ wà. Inú gbọ̀ngàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń na ọwọ́ tí ẹ sì ń yí ara yín, ojú kámẹ́rà ń kúrò ní ipò rẹ̀, àga tó wà nítòsí yóò sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú ibi tí fọ́tò méjì ti pàdé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á di mẹ́fà. Ẹ gbé fóònù sórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ojú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ibi tí gbogbo nǹkan ti ń yí. Ẹ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ síta pẹ̀lú, torí ẹni tó bá ń rìn lè hàn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ẹ bá ń dán an wò lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ má ṣe tẹ fáìlì HTML náà lẹ́ẹ̀mejì nínú fódà. Aṣàwákiri kì í jẹ́ kí ojúewé tí a ṣí bẹ́ẹ̀ ka àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ ṣí tẹ́míná, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ wọ inú fódà náà níbẹ̀, ẹ tẹ `python3 -m http.server`, kí ẹ wá ṣí `localhost:8000` nínú aṣàwákiri.

Ẹ fi `autoLoad`, ètò tó ń gbé àwòrán wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì, sílẹ̀ ní pípa bó ṣe wà, kí àwòrán má máa jẹ dátà ẹni tó kàn wá wo iye owó. Ẹ fi fọ́tò kékeré kan sí `preview`, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí bọ́tìnnì padà pẹ̀lú `loadButtonLabel`. "Tẹ ibí láti wọlé" ti tó.