Èsì: Fífi ọwọ́ jẹ súṣì nílé oúnjẹ

Ẹ bèèrè bóyá ìwà àìmọ̀wàáhù ni kí ènìyàn fi ọwọ́ jẹ súṣì, oúnjẹ ìrẹsì àwọn ará Jàpáànù, nílé oúnjẹ àdúgbò. Rárá o, àwọn ará Jàpáànù pàápàá máa ń fi ọwọ́ jẹ nigiri, ìyẹn irú súṣì kan tó jẹ́ ìrẹsì tí wọ́n fi fínígà pò, tí wọ́n sì tẹ́ ẹja lé lórí. Ohun tí ó ṣe kókó jù ni pé apá tí ẹja wà ni kí ẹ kì bọ inú ọbẹ̀ sóyà, ìyẹn ọbẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, nítorí bí ìrẹsì bá kàn án, yóò fa iyọ̀ mu ju bó ṣe yẹ lọ, yóò sì tú sínú àwo. Atalẹ̀ ẹ̀gbẹ́ àwo wà fún fífọ ẹnu láàárín ẹja kan sí òmíràn. Ní tèmi, iwájú alásè ni mo fẹ́ràn láti jókòó sí, kí n lè bèèrè ẹja tí ó dára jù lọ́jọ́ náà.