Ilẹ̀ Mẹ́káníìkì àti Ẹ̀fọ́ Tí Ó Ràn

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ilẹ̀ kan tí àwọn mẹ́káníìkì àti àwọn tó ń tún bátìrì ṣe ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń dá oko ẹ̀fọ́ sí báyìí. Tòmátò àti tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn hù dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ràn, wọn kò dàgbà mọ́, ewé wọn sì pupa rúsúrúsú. Mo fi ajílẹ̀ yúríà sí i, kò yí padà. Ṣé irúgbìn ni kò dára? — Àgbẹ̀ kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko. Èmi kò fura sí irúgbìn, nítorí èyí tí kò dára kì í sábà hù rárá. Ilẹ̀ ni mo fura sí. Bátìrì tó fọ́ àti ọ́ìlì dúdú máa ń fi òjé, cadmium (irin olóró kan), síǹkì àti bàbà sínú erùpẹ̀, àwọn wọ̀nyí kì í sì í jẹrà bí ewé.

Oúnjẹ inú irúgbìn fúnra rẹ̀ ló fi ń hù, èèpo rẹ̀ sì ń dáàbò bò ó díẹ̀. Ìgbà tí gbòǹgbò bá wọlẹ̀ ni ìyà bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnu gbòǹgbò, níbi tí ó ti ń gùn sí i, ni májèlé náà ti ń kọ́kọ́ ṣọṣẹ́, tí gbòǹgbò yóò fi kúrú, tí yóò sì dúdú, tí kò sì ní lè fa omi àti irin tí ewé nílò láti tutù yọ̀yọ̀. Yúríà tilẹ̀ lè dá kún un, torí ó ń mú kí ilẹ̀ di kíkan (acid), ilẹ̀ tó kan bẹ́ẹ̀ sì ni òjé àti cadmium ti ń tètè yọ́ sínú omi.

Ẹ bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sínú ọ̀rá kan, kí ẹ bu ti oko tó jìnnà sínú òmíràn, kí ẹ gbin irúgbìn kan náà sí méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rọra fà wọ́n tu, kí ẹ fi gbòǹgbò wọn wéra. Èyí kò tó ẹ̀rí, àyẹ̀wò gidi ni kí ẹ ṣe. Ẹ lè bi ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ FUOYE (Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọyẹ́-Èkìtì) ní Ìkọ̀lé-Èkìtì léèrè.

Títí èsì yóò fi dé, ẹ má jẹ tẹ̀tẹ̀ náà, ẹ má sì tà á. Fífọ̀ ń yọ eruku òjé kúrò lára ewé, ṣùgbọ́n kò lè yọ cadmium tó ti wọnú rẹ̀. Òjé ló pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó pọ̀, ẹ gbé erùpẹ̀ mìíràn wá sórí ebè gíga tàbí kí ẹ gbin òdòdó síbẹ̀. Bí ó bá mọ níwọ̀n, ẹfun oko (lime) àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa yóò dín agbára rẹ̀ kù.