Kí Ló Dé Tí Ẹ̀fẹ̀ Fi Ń Kú Lẹ́nu Ẹni Tó Ń Túmọ̀ Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀fẹ̀ tó pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín ní èdè Yorùbá ni mo túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rẹ́ mi kan, ńṣe ló ń wò mí bọ̀ọ̀. Ṣé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n túmọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀bi yín kọ́. Lójú tèmi, ibi tí ẹ̀rín bá ti sọ ni òfin èdè kan fara pamọ́ sí, òfin náà sì lè má sí nínú èdè kejì.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Ẹnì kan bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé o gbọ́ Faransé?" Ó dáhùn pé, "Mo gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò láàárọ̀ yìí." Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo yìí, "gbọ́", ni a fi ń sọ pé ohùn wọ etí, òun náà ni a sì fi ń sọ pé èdè yé ènìyàn. Ojoojúmọ́ ni a ń lò ó láìsí ìdààmú, nítorí pé bí a bá ti dárúkọ èdè, olùgbọ́ ti mú ìtumọ̀ kejì kí ó tó mọ̀ pé òun yan ohunkóhun. Èyí tí gbogbo wa ti pa tì ni aláwàdà lọ hú jáde. Nínú èdè tó ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún méjèèjì, ẹ̀fẹ̀ náà kò ríbi dúró sí.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í kú bẹ́ẹ̀. Àlejò kan pe fóònù, ó bi ọmọ ilé pé, "Ṣé bàbá rẹ wà nílé?" Ọmọ náà ní, "Wọ́n wà, sà," ó sì pa fóònù. Kò purọ́, ó sì dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ẹ̀bẹ̀ tó wà lábẹ́ ìbéèrè náà ni kò gbọ́. Paul Grice, onímọ̀ ọgbọ́n orí, ṣàlàyé nínú àròkọ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1975 pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ a máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀, tí olùgbọ́ yóò fi máa wá ohun tí ẹnìkejì ní lọ́kàn kọjá ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Inú ìtàkùrọ̀sọ ni òfin yìí wà, kò sí nínú ọ̀rọ̀ kan pàtó, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀fẹ̀ náà fi rọrùn láti túmọ̀.

Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó tún túmọ̀ òmíràn: ẹ máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀fẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi "tẹlifísàn" rọ́pò "rédíò", ẹ̀rín kò ní lọ. Ẹ wá béèrè pé, "Ṣé Faransé yé ọ?", ẹ ó sì rí i pé kò sẹ́ni tí yóò rẹ́rìn-ín mọ́.