Ẹ má tún ojú ọmọláńgidi àtijọ́ kùn

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, mo sì ń kó àwọn ọmọláńgidi onígi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jọ. Mo ra ọ̀kan láìpẹ́ yìí, ẹni tó tà á sì ní ó ti lé ní 250 ọdún. Ọ̀dà ojú rẹ̀ ti ń ṣí. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣé kí n sì gbé e fún ẹni tí yóò tún un kùn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ì tíì gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ wo orí rẹ̀. Inú igi kan ṣoṣo ni àwọn agbẹ́gi ìgbà náà ti máa ń yọ orí àti àyà rẹ̀ pọ̀, wọn a sì fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù rẹ́ ojú náà kí ó lè dán kí wọ́n tó kùn ún. Ìṣó ni wọ́n fi ń kan irun mọ́ orí, aṣọ tàbí awọ ni wọ́n sì sábà fi ń ṣe òkè apá. Gíláàsì dúdú tí ẹ kò ní rí ọmọ ojú nínú rẹ̀ ni ẹyinjú ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, pẹ̀lú àmì tótòtó wẹ́wẹ́ yí i ká bí irun ìpéǹpéjú.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀dà ni irun rẹ̀, tí apá àti ẹsẹ̀ jẹ́ igi látòkè délẹ̀, a jẹ́ pé àfonífojì Gröden lórí òkè Alps ló ṣeé ṣe kó ti wá. Irú ìwọ̀nyí ló pọ̀ jù nínú 132 tí Ọbabìnrin Victoria kó jọ nígbà èwe rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun ìtìjú, àmọ́ kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti ojú rẹ̀, ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rí èyí tí wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun bà jẹ́. Bí ohun àtijọ́ bá ṣe wà bí wọ́n ti ṣe é níbẹ̀rẹ̀ ló ń fún un ní iyì. Ẹ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert (V&A) ní Lọ́ńdọ̀nù: ó ní méjì tí wọ́n ṣe láàárín 1690 sí 1700, tí wọ́n ń pè ní Lord àti Lady Clapham, èyí tí ilé náà rà ní 1974. Aṣọ ìgbà náà gan-an ṣì wà lọ́rùn wọn, títí dórí ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fọ ọ, ẹ má gbé e sínú oòrùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, nítorí igi tó bá súnkì a máa ya ẹfun ara rẹ̀. Amọṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́ lè lẹ èyí tó fẹ́ bọ́ padà láìfi ọ̀dà mìíràn kún un. Títí di ìgbà náà, ẹ ṣa èérún ọ̀dà tó bá já sínú àpòòwé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tó já sí i lára.